Erékùṣù tí Kò Ní Òkun

Ẹgba mẹ́fà ni olùkọ́ wa nà mí ní ọjọ́ tí mo sọ fún un pé ìlú Ìkẹ́rẹ́ jẹ́ erékùṣù.

Mo wà ní ọdún kejì ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ wa ní jọ́gíráfì jẹ́ ọkùnrin kan tí ẹ̀rín ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò ní ti ẹnu mi jáde. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo ń wí yìí, ó wọlé, ó fi ẹfun kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí ojú pátákó, ó sì yíjú sí wa. Ó ní, "Kí ni erékùṣù?" Gbogbo kíláàsì pa lọ́lọ́. Èmi tí mo ti ka ìwé mi sílẹ̀ ní àṣálẹ́ àná na ọwọ́ sókè, mo ní, "Ilẹ̀ tí omi yí ká ni, sà." Ó ní mo gbà á, kí n wá fún òun ní àpẹẹrẹ kan. Ó yẹ kí n dárúkọ Èkó, kí n sì jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò tíì tẹ Èkó rí, ojú mi kò sì tíì rí òkun rí. Ohun tí mo ń rí láràárọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé wa ni àpáta: òkè Orólè níhìn-ín, òkè Olósùnta lọ́hùn-ún, àti àwọn kéékèèké tí wọ́n yọrí láàrin wọn bí ọmọdé tí ó ń yọjú wo àlejò. Ẹnu mi yá ju ọgbọ́n mi lọ. Mo ní, "Ìkẹ́rẹ́ ni, sà."

"Omi wo ni ó yí Ìkẹ́rẹ́ ká?"

"Kì í ṣe omi, sà. Àpáta ni."

Ẹ̀rín tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rín dùn mí ju ẹgba náà lọ. Fún odidi sáà kan, "Erékùṣù" ni wọ́n ń pè mí, àní ní orí pápá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo délé ní ọjọ́ náà, ìyá àgbà, ìyá tí ó bí bàbá mi, fi àdí pa ẹ̀yìn mi, ó sì bèèrè ohun tí mo fi ẹnu mi fà. Mo ròyìn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi, ta ni ó sọ fún ọ pé àpáta ni ó yí wa ká? Àwa ni a yí àpáta ká." Mo rò pé ńṣe ni ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Mo wọ ẹ̀wù mi, mo sì bá tèmi lọ.

Ó tó ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà kí n tó mọ ohun tí ìyá àgbà wí. Mo ti wọ yunifásítì, mo jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá nínú gbọ̀ngàn kan tí ooru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sè wá jinná, olùkọ́ wa sì kọ ọ̀rọ̀ Jámánì kan sójú pátákó: Inselberg. Ó ní Insel ni erékùṣù, Berg ni òkè. Òkè tí ó dà bí erékùṣù ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní Wilhelm Bornhardt, ará Jámánì kan tí ó rin apá Ìlà-Oòrùn Áfíríkà já, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tanzania lónìí, ni ó fún àwọn òkè bẹ́ẹ̀ ní orúkọ yìí ní ọdún 1900. Ọkùnrin náà rí òkè àpáta tí wọ́n dá dúró gedegbe ní orí pẹ̀tẹ́lẹ̀, láìsí òkè mìíràn tí ó bá wọn tan, ó sì dà lójú rẹ̀ bí ìgbà tí erékùṣù bá yọrí láàrin òkun. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni òkun. Àpáta ni erékùṣù. Olùkọ́ náà wá ń ka àpẹẹrẹ: òkè ṣóńṣó tí ó wà ní etí òkun Rio de Janeiro ní ilẹ̀ Brazil, òkè Ìdànrè, àti àwọn òkè Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde kí n pariwo. Kì í ṣe pé olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama jẹ̀bi, kì í sì ṣe pé èmi jàre. Mo dojú ọ̀rọ̀ délẹ̀ ni. Mo rò pé àwa ni a wà lórí erékùṣù, àṣé etí òkun ni a ń gbé. Àwa ni a yí àpáta ká. Ìyá àgbà tí kò mọ A yàtọ̀ sí B ti sọ ọ́ láìlo ọ̀rọ̀ Jámánì kankan.

Bí àpáta wọ̀nyí ṣe dé ibi tí wọ́n wà kò ṣòro láti yé ẹni tí ó bá ti kọ ebè rí. Ẹ ronú iṣu tí ó ta dáadáa nínú ebè, tí òjò ńlá wá rọ̀, tí ó wọ́ erùpẹ̀ ebè náà lọ. Iṣu kò dìde. Erùpẹ̀ ni ó lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Orólè àti Olósùnta. Ní ìgbà tí ó ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún, àpáta yíyọ́ ru sókè láti inú ikùn ilẹ̀ ṣùgbọ́n kò dé ìta. Ó dúró sí abẹ́ ilẹ̀ ní jíjìn kìlómítà púpọ̀, ó sì tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn hóró inú rẹ̀ fi ráyè dàgbà. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí hóró funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú tí ó tóbi tó èékánná àtàǹpàkò lára òkúta wa. Lẹ́yìn èyí ni òjò, oòrùn àti àkókò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ tí ó bò ó. Ibi tí àpáta ti là púpọ̀ ni omi rí àyè wọ̀, ó rà á di erùpẹ̀. Ibi tí kò fi bẹ́ẹ̀ là ni ó dúró gbọin. Nígbà tí àgbàrá sì kó erùpẹ̀ lọ, orí àpáta yọ. Àpáta tí ẹrù bẹ́ẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ a máa wú díẹ̀, ara rẹ̀ a sì máa bó ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà, ohun tí ó mú kí orí òkè wa rí roboto, kí ó sì máa dán lẹ́yìn òjò bí orí àgbàlagbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

Oríṣi àpáta méjì ni ó pọ̀ jù lọ níbẹ̀. Èkíní ni gíránáìtì tí gbogbo ayé mọ̀. Èkejì dúdú, ó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé gbígbẹ, orúkọ tí àwọn onímọ̀ sì ń pè é ni charnockite. Èyí pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ orísun rẹ̀. Job Charnock ni òyìnbó oníṣòwò kan tí ó kú sí Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà. Irú òkúta yìí ni wọ́n fi bo sàréè rẹ̀, láti orí òkúta sàréè náà ni onímọ̀ kan sì ti mú orúkọ. Òkè wa ń jẹ́ orúkọ Jámánì, òkúta ara rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ òkú Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Íńdíà. Ẹni tí ó ni nǹkan kọ́ ni ó máa ń sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹni tí ó bá ti Àkúrẹ́ ń bọ̀ wá sí Adó kò lè ṣe kí ó má rí ohun tí mo ń wí. Ojú ọ̀nà a máa lọ sókè sódò láàrin oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó, ohun gbogbo a dà bí ti ibòmíràn, àfi bí ọkọ̀ bá yí kọ́nà kan tí àpáta gbé orí sókè lójijì, tí ó ga ju igi tí ó ga jù lọ, tí ojú ọ̀run sì kéré sí i. Ìkẹ́rẹ́ dé nìyẹn, ẹnu ọ̀nà Èkìtì láti ìhà gúúsù. Ọmọ ìlú tí ó bá ti àjò dé kì í wo pátákó tí ìjọba kọ orúkọ ìlú sí. Àpáta ni ó ń wò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe wíwò nìkan ni àpáta wà fún. Àpáta kì í mu omi. Bí òjò bá rọ̀ sí Ìsẹ̀ tàbí Ẹmùrẹ́, ilẹ̀ a gbà á mu. Bí ó bá rọ̀ sórí Orólè, bí ẹni da omi sí ẹ̀yìn ìgbá ni: láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ ó rí ìlà funfun tí wọ́n ń ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀, ní nǹkan bíi wákàtí kan ẹ kò ní rí wọn mọ́. Gbogbo omi náà ti dé ẹsẹ̀ òkè. Àgbàrá yìí ti ba ilé jẹ́, ó ti gbé adìẹ lọ, ṣùgbọ́n òun náà ni ó ń bọ́ wa. Ilẹ̀ ẹsẹ̀ àpáta gan-an jẹ́ iyanrìn tí ó já láti ara òkè. Bí ẹ bá rìn sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹ ó bá ilẹ̀ dúdú pàdé. Bí ẹ bá tún sọ̀ kalẹ̀ sí i, ẹ dé akùrọ̀, níbi tí ilẹ̀ ti ń rin láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni ìyá àgbà ń gbìn sókè, kòkó àti obì ni ó wà láàrin, kókò àti ẹ̀fọ́ ni ó wà nísàlẹ̀. (Kí ẹ̀yin tí ẹ kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ra yín níhìn-ín o. Kòkó ni ìyá àgbà fi rán àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé, kókò ni ó fi bọ́ wọn.) Ní oṣù Kìíní, nígbà tí ọyẹ́ bá ti fa omi inú kànga àárín ìlú gbẹ, kànga tí ó wà ní ẹsẹ̀ àpáta ṣì máa ń ní omi, nítorí inú àpáta tí ó là ni omi ń gbà rìn wá bá a. Ìgbà náà ni àwa ọmọdé máa ń mọ iye ìbátan tí a ní, nítorí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ pọn omi níbẹ̀ a máa pe ara rẹ̀ ní ẹbí.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí ó jẹ́ ọmọ Ẹmùrẹ́, a jọ gbé yàrá kan ní yunifásítì. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí òkúta ni a bí mi sí, pé àwọn baba ńlá òun mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Kò purọ́. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wọn, láti Ìsẹ̀ dé Ẹmùrẹ́, àpáta kò pọ̀ lójú ilẹ̀ bí ti wa. Igbó ni ó ni ibẹ̀, odò Ògbẹ̀sẹ̀ sì gba ilẹ̀ náà kọjá. Igbó ọba tí ó wà ní Ìsẹ̀ wà lára ibi díẹ̀ tí ìnàkí ṣẹ́ kù sí ní ilẹ̀ Yorùbá. Mo máa ń dá a lóhùn pé ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ dára ni ogun máa ń bá nílé.

Nítorí ọ̀rọ̀ ogun, a kò lè kó o kúrò nínú ọ̀rọ̀ àpáta. Gbogbo wa ni a mọ bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe forí pamọ́ sí abẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830. Ní Ìdànrè, tí kò jìnnà sí wa púpọ̀, àwọn ènìyàn kò kàn sá gun òkè fún ìgbà díẹ̀; orí rẹ̀ gan-an ni wọ́n tẹ ìlú dó sí, wọn kò sì sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìlú tuntun títí di ọdún 1933. Mo gun àtẹ̀gùn ibẹ̀ nígbà kan pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ó lé ní 600. Orúnkún mi kò gbàgbé. Lókè, a bá ààfin àtijọ́, ilé ẹjọ́ àti ilé ìwé, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ roro láàrin àpáta. Bí ẹ bá ń wá ìlú kékeré tí ó wà ní orí erékùṣù olókè gidi, òun nìyẹn. Ìkẹ́rẹ́ kò gun òkè bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni àwa wà, ṣùgbọ́n ojú wa kò kúrò lókè. Lọ́dọọdún ni a ń ṣe ọdún Olósùnta, tí ìlú á jáde lọ sí ẹsẹ̀ òkè, tí ìró ìlù á lu Olósùnta, á sì padà wá bá wa bí ẹni pé ìlú mìíràn ń lu ìlù dá wa lóhùn. Ọ̀rọ̀ Ògògà àti Olúkẹ́rẹ́, ta ni ó ṣáájú, ta ni ó ni kí ni, kì í ṣe ohun tí mo wá sọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀, kí ó lọ bi àpáta. Òun ni ó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé.

Àpáta kan náà ni ó sì jẹ́ ìtùnú fún wa lórí àwọn nǹkan tí ó ti kúrò lọ́wọ́ wa. Ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére, gbẹ́ ìlẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà. Sára ìlẹ̀kùn náà ni ó gbẹ́ bí Ògògà ṣe jókòó gba òyìnbó aṣojú ìjọba kan ní àlejò, tí wọ́n sì gbé òyìnbó náà wá bí ẹni gbé aláìsàn. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. Kò padà mọ́. British Museum gbà á, wọ́n sì fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó ṣe pààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní Chicago lónìí. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá àgbà, ó ní, "Ohun tí ó bá ṣeé gbé ni wọ́n ń gbé. Wọn kò lè gbé Orólè." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 2022, wọ́n pè mí wálé fún ìpàdé ẹbí.

Ilẹ̀ baba ńlá wa wà ní ẹ̀yìn ìlú, àpáta kan sì wà lórí rẹ̀. Kì í ṣe Orólè, kì í ṣe Olósùnta. Kò ní orúkọ lójú máàpù, kò sì ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ni akùrọ̀ ìyá àgbà wà. Àwọn ọkùnrin kan ti wá bá olórí ẹbí pé àwọn fẹ́ máa fọ́ òkúta níbẹ̀, pé àwọn yóò sanwó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan. Ilé ń dìde ní Adó àti Àkúrẹ́, títì ń gbòòrò, òkúta sì ni wọ́n fi ń dà á. Bàbá mi ti kú, ìpín rẹ̀ ti di tèmi, nítorí náà wọn kò lè ṣe é láìsí ọwọ́ mi lójú ìwé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà nìyí, fún ẹni tí kò bá rí i rí. Wọn kì í lo àdó olóró bí àwọn oníkúárì ńlá. Igi ìdáná àti táyà àtijọ́ ni wọ́n ń kó jọ sórí àpáta, wọ́n á dáná sí i, á jó mọ́jú. Ara àpáta á gbóná, á wú, á sì yapa kúrò lára ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ariwo bí ìbọn. Nígbà tí ó bá tutù, wọ́n á fi ọ̀pá irin wú u, wọ́n á fi òòlù ńlá fọ́ ọ. Àwọn obìnrin á wá jókòó sábẹ́ àtíbàbà ewé ọ̀pẹ, wọ́n á máa fi òòlù kékeré fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ títí típà á fi wá kó o. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń ṣe kò yàtọ̀ sí bíbó bí àlùbọ́sà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí òjò àti oòrùn fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ṣe ni táyà ń ṣe ní òru kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ìpàdé ku ọ̀la, mo jókòó ti ìyá àgbà ní ẹnu ọ̀nà, mo sì sọ ìtàn Tristan da Cunha fún un, erékùṣù olókè kékeré kan tí ó wà ní àárín gbùngbùn òkun Àtìláńtíìkì, tí ìlú kan ṣoṣo wà lórí rẹ̀, tí ìlú tí ó sún mọ́ ọn jù lọ sì jìnnà ju 2,000 kìlómítà lọ. Mo ní ní ọdún 1961 ni òkè wọn bú gbàmù, tí iná àti òkúta yíyọ́ ń tú jáde lẹ́bàá ilé wọn, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi ọkọ̀ kó gbogbo wọn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fún wọn ní ilé, wọ́n fún wọn ní iṣẹ́.

Ìyá àgbà ní, "Wọ́n sì padà?"

Mo ní, "Ní ọdún 1963, ẹ̀yin ìyá mi, púpọ̀ nínú wọn padà."

"Sídìí òkè tí ó lé wọn?"

"Sídìí rẹ̀ gan-an."

Ó mi orí. Ó ní, "Èèyàn mọ òkè tirẹ̀." Kò sọ ohun mìíràn títí ó fi wọlé lọ sùn.

Nínú ìpàdé ní ọjọ́ kejì, olórí ẹbí ní kí èmi tí mo kàwé nípa ilẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bi mí bóyá àpáta wa jẹ́ ọmọ Orólè, nítorí ẹ̀rù ń ba àwọn àgbà láti fọwọ́ kan ohun tí ó bá jẹ́ ti òkè ìlú. Mo sọ òtítọ́. Mo ní àpáta tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ yìí, ọ̀kan ṣoṣo ni. Ibi tí a ti ń rí i lókè ni ó pọ̀, bí iṣu tí ó ta ẹnu mẹ́ta. Mo ní ìṣàn omi tí ó ń bọ́ akùrọ̀ ń gba ara àpáta náà wá, bí a bá sì yí ara rẹ̀ padà, a kò mọ ibi tí omi yóò gbà. Mo rò pé mo sọ̀rọ̀ dáadáa.

Bàbá kékeré, àbúrò bàbá mi, dìde. Aránṣọ ni wọ́n, wọn kì í sì í pariwo. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá ni gbogbo àpáta, a jẹ́ pé kò sí ilé kan ní Ìkẹ́rẹ́ tí ó yẹ kí a ti kọ́. Òkúta kí ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé tí a jókòó sí yìí? Òkúta kí ni bàbá rẹ tà ní ọdún tí o wọ yunifásítì?"

N kò mọ̀. Lójú gbogbo ẹbí, n kò mọ̀. Àwọn àgbà wo ilẹ̀. Ìyá àgbà nìkan ni ó ń wò mí, ojú rẹ̀ sì ti sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ògbólógbòó òkúta tí ó ti já bọ́ sí ìhà ọ̀tún oko, tí n kò rí mọ́ láti ìgbà kan wá, tí n kò sì bèèrè rí, owó wíwọlé mi ni. Orí rẹ̀ ni mo fi jókòó nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti kọ Inselberg sójú pátákó.

Bàbá kékeré ní ọmọ mẹ́ta tí wọ́n wà ní ilé ìwé. Kí ni mo lè sọ? A jiyàn títí di ọ̀sán, a sì fi ẹnu kò sí i pé kí wọ́n fọ́ àwọn òkúta tí ó ti já láti ara àpáta nìkan, kí wọ́n má ṣe dáná sórí àpáta fúnra rẹ̀. A kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Ìyá àgbà náà tẹ àtàǹpàkò.

Nígbà tí mo tún wálé, oṣù Kẹwàá ni. Kò sí ẹni tí ó sọ ohunkóhun fún mi. Mo kàn bá ìyá àgbà lọ sí oko ni. Ìhà kan àpáta ti dúdú fún èéfín táyà, ìhà tí ó tẹ̀ lé e sì funfun yòò bí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, àwọn hóró inú rẹ̀ ń tàn nínú oòrùn. Ó lẹ́wà, kí n má purọ́. Àwọn obìnrin méjì ń fọ́ òkúta lábẹ́ àtíbàbà wọn, ọ̀kan pọn ọmọ. Wọ́n kí wa dáadáa. Ìyá àgbà kí wọn, ó bèèrè ọmọ. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó fa aṣọ mi.

Òjò ti rọ̀ ní alẹ́ àná. Ojú ibi tí omi ti máa ń gba ara àpáta wá sí akùrọ̀ gbẹ, ewéko rẹ̀ sì ti ń pọ́n. Omi ti gba ìhà kejì, ó ti la kòtò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sì ti kó iyanrìn bo oko ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn. Ìyá àgbà dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó tó ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé ojú omi náà sísàlẹ̀ títí ó fi dé ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀, ó fi ọ̀pá rẹ̀ gún un lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì pè mí.

Ó ní, "Mú ọkọ́ wá. Kí a hú kókò yẹn kí oòrùn tó le, kí a sì kó o wá síbí."

Mo ní ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe tiwa.

Ó ní òun mọ ẹni tí ó ni ín, òun yóò lọ bá a sọ̀rọ̀ ní alẹ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wọn àyè láàrin ebè kan àti èkejì. Mo padà lọ mú ọkọ́. Ìró òòlù àwọn obìnrin náà ń lu àpáta, ó sì ń padà wá bá wa.